Ẹ Fọ Inú Egungun Ọkọ̀, Ẹ Fọ Inú Ọkàn

Bismillahi Rahmani Rahiim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó mú wa kúrò ní ilé bàbá wa wá sí ìlú òkèèrè, tí kò sì jẹ́ kí a sọnù. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bẹ ní Kaduna, ní Kano, ní Jos, ní Minna, àti níbi gbogbo tí ọmọ Yorùbá Mùsùlùmí tẹ̀dó sí ní Òkè Ọya!

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ọkọ̀ àlòkù tí ó ti gbó. Mo fẹ́ sọ bí ẹrùpẹ̀ ṣe ń kó sínú egungun ọkọ̀, bí a ṣe ń kó o jáde, àti bí èmi fúnra mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láìsọ òtítọ́ fún un. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi gbé e wá sí ojú ìwé wáàsí.

Ọlọ́hun Ọba fi orúkọ irin pe odidi súrà kan, ìyẹn Súratul-Hadiid. Nínú rẹ̀ ni Ó ti sọ fún wa pé Òun ni Òun sọ irin kalẹ̀, pé agbára ńlá ń bẹ nínú rẹ̀, àǹfààní sì ń bẹ nínú rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Ta ni ó yẹ kí ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí tó àwa arìnrìn-àjò? Ojú irin tí ó dé Kano ní nǹkan bí ọdún 1912 ni ó gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí ìhín. Irin náà ni ó ń gbé wa lọ sílé Iléyá: Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ilé iṣẹ́ PAN ní Kaduna yìí ní ọdún 1975. Ṣùgbọ́n irin yìí kan náà, tí a fi ń fọ́ òkúta, omi díẹ̀ àti ẹrùpẹ̀ díẹ̀ ni í pa á.

BÍ ẸRÙPẸ̀ ṢE Ń JẸ IRIN

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò wo abẹ́ ọkọ̀ rí. Ọkọ̀ akẹ́rù bíi Mercedes 911 ní ṣáàsì tirẹ̀ lọ́tọ̀: irin gbọọrọ méjì tí ó na láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n gbé ara ọkọ̀ lé lórí. Peugeot 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ àti egungun rẹ̀, ọ̀kan náà ni. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì jó mọ́ra títí ó fi dà bí àpótí gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún àti lápá òsì; ó wà lábẹ́ ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé; ó sì wà nítòsí táyà ẹ̀yìn. Àwọn ni ó gbé gbogbo èrò inú ọkọ̀ dúró.

Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé bí ó ti wù kí ó rí, omi yóò wọ inú àpótí wọ̀nyí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ wọn, kí omi lè máa ro jáde, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé. Ihò kékeré ni. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àṣìṣe ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀mí ọkọ̀ wà nínú ihò náà.

Ní Òkè Ọya níbí, ọyẹ́ a máa dé ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, kì í sì í lọ tán títí di oṣù kẹta. Eruku tí ó ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà kúnná bí èlùbọ́. Kò sí ihò tí kò lè wọ̀. A ó fi aṣọ nu ojú ọkọ̀, a ó fi omi ṣan gíláàsì, a ó sì rò pé a ti ṣe tán. Èyí tí ó wọ inú àpótí ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, òjò àkọ́rọ̀ á dé. Táyà á máa ta ẹrọ̀fọ̀ pupa sí abẹ́ ọkọ̀, eruku inú àpótí á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á sì dí ihò. Láti ọjọ́ náà, omi tí ó bá wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Òde á ti gbẹ, inú á ṣì tutù. Bí irin bá wà nínú ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ sì ń kàn án, yóò dógùn-ún; ẹrẹ̀ tí kò gbẹ ni ó sì ń di ọ̀rinrin náà mọ́ irin lára tọ̀sán tòru. Bí iyọ̀ bá tún wà níbẹ̀, bíi ti ọkọ̀ tí ó ń kó ẹran ọ̀sìn tàbí ajílẹ̀, ìpẹtà á tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán bíi dígí, tí egungun rẹ̀ sì ti fúyẹ́ bí èèpo ẹyin. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Láti inú ni ó ti ń jẹ bọ̀ wá sí òde. Ọjọ́ tí ihò bá yọ lójú ọ̀dà, àìsàn náà ti pẹ́. Àṣírí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 2004, mo ní Peugeot 504 kan, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tí a ń pè ní sitéṣọ̀n wágọ̀n. Mo ti lò ó fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti gbé wa lọ sí Ọ̀ffà àti Ìlọrin láìmọye ìgbà. Ó ti gbé ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, ó ti gbé òkú lọ sí ibojì, ó ti gbé àpò ẹ̀pà àti àpò ẹ̀wà. Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa wá bá mi. Èmi àti bàbá rẹ̀ jọ ń dúró ní sààfù kan náà kírun kí Ọlọ́hun tó pè é. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Àfáà, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta ọkọ̀ yín. Mo fẹ́ fi máa kó èrò lọ sí Ìlọrin. Màmá mi ti kó owó àjọ wọn fún mi."

Mo sọ iye tí mo fẹ́ gbà. Kò tilẹ̀ ná an. Ó ní, "Ẹ̀yin ni bàbá mi. Ẹ kò ní rẹ́ mi jẹ."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí sọ́kàn.

Kí n tó gbé ọkọ̀ fún un, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá panẹlibítà kan pé kí ó bá mi tún ojú rẹ̀ ṣe. Ó ti jáàkì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì, ó ń yí i sókè. Ọkọ̀ kò gbéra. Irin ni a gbọ́ tí ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀, orí jáàkì sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹrùpẹ̀ pupa dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa. Àwa méjèèjì wo ara wa.

Ó ní, "Àfáà, ẹ má da ara yín láàmú. N ó fi irin pẹlẹbẹ bo ojú rẹ̀, n ó fi pọ́tì dí i, n ó sì kun ọ̀dà lé e. Ẹni tí ó rà á kò ní mọ̀. Ọkọ̀ àlòkù ni, kò sí èyí tí kò ní tirẹ̀ lára."

Ẹ̀yin ará mi, n kò ní purọ́ fún yín. N kò kọ̀. Mo bi í pé èló ni; ó sọ ọ́; mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn mi. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ̀ náà ṣì ń rìn, pé ọmọkùnrin náà ti rí i kí ó tó ní òun fẹ́ ẹ, pé n kò pa irọ́ kankan fún un. Mo kàn máa dákẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó láti wá ohun tí n ó fi ṣe wáàsí. Hádíìsì tí mo ṣí bá ni ti ọkùnrin olóúnjẹ inú ọjà, èyí tí Abu Hurayra gbà wá, tí ó wà nínú àkójọ Imaamu Muslim. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń kọjá lọ, ó rí òkìtì oúnjẹ tí ọkùnrin kan ń tà. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin. Ó bi ọkùnrin náà pé kí ni èyí. Ó ní òjò ni ó pa á. Ànábì wá bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára òun.

Ara mi bù máṣọ. Gbígbẹ wà lókè, ọ̀rinrin wà nísàlẹ̀: ọkọ̀ mi gan-an ni. Ẹ sì kíyè sí i pé nínú ìtàn náà, a kò gbọ́ pé ọkùnrin náà pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn kó èyí tí ó dára sókè ni, ó sì dákẹ́, bí èmi náà ti fẹ́ dákẹ́. Mo rántí àwọn kòtò tí ó wà ní ọ̀nà Mọ́kwà sí Jẹ́bbà nígbà náà. Mo rántí iye èrò tí wọ́n máa ń há sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, aboyún pẹ̀lú àgbàlagbà. Mo rántí ọmọ olóògbé tí yóò jókòó sídìí sítíà. N kò sùn títí wọ́n fi pe ìrun Àsùbáà.

BÍ A ṢE FỌ Ọ́

Ní òwúrọ̀, mo sọ fún ọ̀gá náà pé kí ó má fi ohunkóhun bo ojú ihò náà. Mo ní kí a ṣí i, kí a fọ inú rẹ̀, kí a mọ ibi tí ìbàjẹ́ dé. Mo sì ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin náà kí ó wá wò ó pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ìtìjú bá mi, ṣùgbọ́n mo pè é. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, a sì jọ ṣe iṣẹ́ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é, nítorí púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a fi òkúta dí táyà, a sì gbé ọkọ̀ lé igi ńlá tí ó dúró gírí lẹ́yìn tí jáàkì gbé e sókè níbi tí irin ti le. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró láé. A yọ okùn bátìrì. A fi aṣọ di imú, a sì fi awò bo ojú, nítorí ìpẹtà tí ó bá bọ́ sí ènìyàn lójú kì í ṣe ohun eré.

Lẹ́yìn náà ni a ká kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ kúrò, a sì yọ àwọn rọ́bà tí wọ́n fi dé ojú ihò. A wá àwọn ihò ìsàlẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò rí mọ́: ẹrẹ̀ àti ọ̀dà àtijọ́ ti dí wọn pa. A fi wáyà gún wọn títí wọ́n fi là. Ẹrùpẹ̀ tí ó gbẹ ni a kọ́kọ́ ha jáde ní gbígbẹ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ da omi sí i, ẹrẹ̀ ni yóò tún fi dí ọ̀nà. A wá fi ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí náà láti òkè, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè gba ìsàlẹ̀ jáde. Lápá òsì nìkan, korobá méjì ni ẹrùpẹ̀ náà kún. Èèpo ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, ìtẹ́ eku wà nínú rẹ̀, bọ́tìnì aṣọ ọmọ mi kan tí ó ti di géńdé wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé gbogbo rẹ̀ kiri. Mo ń fọ ọkọ̀ náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni a tó fi rọ́bà da omi sí i, láti ibi tí ó ga lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀. Omi tí ó kọ́kọ́ jáde pọ́n bí epo pupa. A kò dúró títí ó fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, a sì jẹ́ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lu ú fún ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ fi èyí sọ́kàn: omi tí a fi fọ inú irin tí a kò sì jẹ́ kí ó gbẹ, ìbàjẹ́ tuntun ni. Ìgbà tí ó gbẹ, a fi òòlù kékeré kàn án káàkiri. Ibi tí irin bá ti le, ohùn rẹ̀ á dún gbọnrangandan. Ibi tí ó ti jẹ, ohùn rẹ̀ á kú. A fi ẹfun sàmì sí ibi tí ó kú.

Alájórin gé gbogbo ibi tí a sàmì sí kúrò, ó sì jó irin tuntun mọ́ ibi tí irin ti le. Ó kọ́kọ́ ní kí a gbé táǹkì epo àti kápẹ́ẹ̀tì jìnnà, nítorí iná. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tí ó kù, a kun ọ̀dà pupa tí àwọn alájórin ń kọ́kọ́ kùn, a sì rí i dájú pé ọ̀dà náà kò dí ihò kankan. Àwọn kan a máa tú ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì sí abẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ orí ẹrùpẹ̀ ni a tú u sí, ẹrùpẹ̀ náà ni a tún lẹ̀ mọ́ irin. Ohun tí a kò fọ̀, a kì í kùn ún.

Mo yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú owó tí ọmọ náà yóò san, mo sì tún dín díẹ̀ sí i. Owó tí mo gbà kò tó owó ilé ìwé. Ìlàjì ni mo san, mo sì bẹ̀ wọ́n fún ìyókù. Ó lò ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́fà kí ó tó tà á, ó sì fi gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé Iléyá. Títí di òní, bí ìyá náà bá rí mi, "Àfáà ọlọ́kọ̀ mímọ́" ni ó fi ń kí mi, tí èmi á sì máa wo ilẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ní kí panẹlibítà ṣe.

ỌKÀN NÁÀ NÍ ÌPẸTÀ

Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, súrà kan wà nínú Àlùkùránì Alápọ̀nlé tí à ń pè ní Súratul-Mutaffifiin. Àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù ni Ọlọ́hun fi orúkọ wọn pè é. Ègbé wọn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nínú súrà yìí kan náà ni Ọlọ́hun ti sọ fún wa pé ohun tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni ó di ìpẹtà bo ọkàn wọn. Ẹ kò rí i bí? Òṣùwọ̀n ọjà àti ìpẹtà ọkàn, inú súrà kan náà ni wọ́n wà. Ibi tí ẹrùpẹ̀ tí ó ń wọ ọkàn ti ń wá ni a fi hàn wá yẹn: ìdí òṣùwọ̀n, ìdí ọjà, ìdí ohun tí a dákẹ́ lé lórí kí ọjà lè tà.

Ànábì wa náà ṣàlàyé rẹ̀ nínú hádíìsì tí Abu Hurayra gbà wá, tí Tirmidhi kọ sílẹ̀. Ó ní bí ẹrú Ọlọ́hun bá dẹ́ṣẹ̀, àmì dúdú kan á kán sí ọkàn rẹ̀. Bí ó bá jáwọ́, tí ó tọrọ àforíjìn, tí ó sì ronú pìwà dà, ọkàn náà á tún dán. Bí ó bá tún padà sí i, dúdú náà á máa pọ̀ sí i títí yóò fi bo gbogbo ọkàn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan kì í pa ọkàn lójijì, bí eruku ọyẹ́ ọdún kan kì í ti í jẹ irin tán. Èyí tí a kò kó jáde, tí ọdún gun orí ọdún lé e, ni í pa á.

Ọlọ́hun Aláàánú kò sì dá ọkàn láìdá ihò sí i. Ihò náà ni túúbá. Àwọn onímímọ̀ wa ti kọ́ wa pé túúbá ní májẹ̀mu: kí ènìyàn jáwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí ó kábàámọ̀ rẹ̀, kí ó pinnu pé òun kò ní padà sídìí rẹ̀ mọ́, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀, kí ó dá ẹ̀tọ́ náà padà fún ẹni tí ó ni ín. Májẹ̀mu ìkẹyìn yìí ni ihò tí ó sábà máa ń dí fún àwa oníṣòwò. A ó kírun márùn-ún, a ó gba ààwẹ̀, a ó lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n owó ẹnì kan wà lọ́wọ́ wa tí a kò fẹ́ kí a rántí. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ànábì fi ìrun márùn-ún wé odò tí ó ń ṣàn lẹ́nu ọ̀nà ẹni, tí a ń wẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Òótọ́ ni, odò náà ń fọ ni mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ dí ihò, omi rere yóò wọlé sí i, kò ní bá ẹ̀gbin jáde.

Mo tún ní kí ẹ rántí ìyà gbígbẹ. Àwọn kan nínú wa a máa sunkún ní òru Ràmàdáánì, omi ojú á máa dà. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe ìrun ọdún tán, tí a padà sí ìsọ̀ tí a sì gbé òṣùwọ̀n àtijọ́ náà sílẹ̀, omi ojú yẹn kò rí oòrùn tí yóò gbẹ ẹ́. Ìwà tuntun lẹ́yìn ẹkún ni oòrùn rẹ̀.

ÀWA TÍ A WÀ LÁJÒ

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí àwa tí a tẹ̀dó sí òkèèrè ni pé ọjà wa, ẹgbẹ́ wa àti ìdílé wa wọ inú ara wọn. Ẹni tí a ń tajà fún ni a jọ ń kírun. Ẹni tí a jọ ń dá àjọ ni yóò gbé òkú wa. Bí mo bá ta ọkọ̀ jíjẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ mi, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni mo bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ, pé "Ẹ̀yin ni bàbá mi", ni mo ti jẹ láti inú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni egungun tí ó gbé gbogbo wa dúró nílẹ̀ tí kì í ṣe ilẹ̀ bàbá wa.

Àwọn kan á sọ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. N kò jiyàn pé òtítọ́ lè pẹ́ kí ó tó tà. Ó ná mi lówó. Ṣùgbọ́n Ànábì ti sọ nínú hádíìsì tí Hakiim ọmọ Hizaam gbà wá pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òtítọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí ó wà lára ọjà, a ó fi alubarika sí òwò wọn. Bí wọ́n bá purọ́ tí wọ́n sì fi pamọ́, a ó pa alubarika náà rẹ́. Ẹni tí ó ń ta fóònù àlòkù, ẹni tí ó ń ta ẹ̀wà, ẹni tí ó ń ta aṣọ, ẹni tí ó ń ta ilẹ̀: kí olúkúlùkù wa gbé èyí tí ó tutù wá sókè kí olùrà lè rí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkùnsínú tí ó wà láàárín wa. A ti gbọ́ ọ nínú hádíìsì pé ọjọ́ Ajé àti ọjọ́bọ̀ ni a máa ń ṣí ilẹ̀kùn Àlùjánnà, tí a sì ń forí jin gbogbo ẹni tí kò bá fi nǹkan kan ṣe orogún pẹ̀lú Ọlọ́hun, àyàfi ẹni méjì tí ìjà wà láàárín wọn. A ó ní kí wọ́n dúró ná títí wọ́n ó fi parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun àti ará òun ń kí ara wọn lẹ́nu lásán ní ìpàdé, ọ̀dà ni wọ́n kùn lé ìpẹtà. Kí ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹni tí ó ní ọkọ̀ kí ó wo abẹ́ rẹ̀. Kí ó ṣí ihò, kí ó kó ẹrùpẹ̀ jáde, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ó bá fẹ́ tà á, kí ó sọ ibi tí ó jẹ. Àti ẹni tí ó ní ọkọ̀, àti ẹni tí kò ní, kí gbogbo wa wo ọkàn wa bákan náà, nítorí a kò mọ ọjọ́ tí òjò tiwa yóò rọ̀, tí a ó gbé wa dé iwájú Ẹni tí kò sí ọ̀dà tí ó lè bo nǹkan lójú Rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn wa mọ́. Kí Ó fi alubarika sí òwò wa. Kí Ó ṣọ́ gbogbo àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lójú ọ̀nà, ní àlọ àti ní àbọ̀. Kí Ó forí jin àwọn bàbá wa tí wọ́n ti lọ, kí Ó sì jẹ́ kí a lè wo ojú àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Àmín, yáà Ọlọ́hun.